Ẹyẹ Kì í Fi Apá Kan Fò: Èmi, Ìyá Ìbejì àti Ìrìn-àjò Erékùṣù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wù mí kò wù ọ́ ló mú kí ọmọ ìyá méjì máa jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìyá méjì, báwo ni yóò ti rí fún tọkọtaya tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń fi owó pamọ́ sínú àpò kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ mú owó náà lọ wo ẹyẹ? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Àgbàdo láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn nìyẹn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo gbà pé kì í ṣe èmi nìkan ni ó ń ṣe. Ti ẹlòmíràn lè má jẹ́ ẹyẹ. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù, ó lè jẹ́ ọkọ̀ àlòkù tí kì í tán láti tún ṣe, ó sì lè jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ tí kì í parí bọ̀rọ̀.

Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Bàọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, aránṣọ ni. Nígbà tí a kó dé Àgbàdo ní 1996, ilé kò tíì pọ̀ tó báyìí. Igbó wà lẹ́yìn ilé wa, àbàtà wà lápá ìsàlẹ̀, ọ̀pẹ mẹ́ta sì wà lójúde tí àwọn ẹ̀ga so ìtẹ́ mọ́ bí ẹni so àdó mọ́ igi. Àparò ni í jí wa láàárọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kan tí mo ń kọ orúkọ ẹyẹ tí mo bá rí sí. Ní ọdún àkọ́kọ́, irú ẹyẹ 41 ni mo kọ láti inú àgbàlá wa. Ní ọdún tó kọjá, 17 péré ni. Wọ́n ti gé ọ̀pẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé alájà ti bo àbàtà mọ́lẹ̀, a kò sì gbọ́ ohùn àparò mọ́. Ìlú tí ń jẹ́ Àgbàdo, kò yẹ kí ẹ̀ga sá kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ.

Bóyá àdánù yìí ló mú kí ọkàn mi máa fà sí São Tomé àti Príncipe. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè náà súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ojú òfuurufú lọ tààrà, Èkó sí erékùṣù São Tomé kò tó Èkó sí Kánò. Àwọn tó máa ń tẹ̀lé ìròyìn yóò rántí pé ní Oṣù Keje 2003, àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ nígbà tí Ààrẹ wọn, Fradique de Menezes, wà ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló sì bá a padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Wọn yóò tún rántí àdéhùn 2001, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi gbà láti jọ máa wá epo rọ̀bì nínú òkun tó wà láàárín wọn, kí Nàìjíríà mú ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àwọn mú ìdá 40. Epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wọ́n mọ́. Ẹyẹ ni èmi mọ̀ wọ́n mọ́.

Láti ìsàlẹ̀ òkun ni òkè ayọnáyèéfín ti ti àwọn erékùṣù náà jáde. Wọn kò fìgbà kan rí so mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ẹyẹ tí afẹ́fẹ́ gbé débẹ̀ ní ayé àtijọ́ kò rí ọ̀nà padà, wọ́n sì yí padà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di irú ọ̀tọ̀. Lónìí, irú ẹyẹ tó lé ní 25 ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí níbòmíràn láyé, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 1,000 níbùú lóròó. Ẹ̀ga tó tóbi jù lọ lágbàáyé, São Tomé ni ilé rẹ̀. Nínú àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń fa omi òdòdó mu, èyí tó tóbi jù lọ náà, ibẹ̀ ló wà. Ní 2022 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún òwìwí kan ní Príncipe ní orúkọ, Otus bikegila. Wọ́n fi orúkọ náà yẹ́ Ceciliano do Bom Jesus sí, ẹni tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Bikegila. Apẹyẹ ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, odídẹrẹ́ ló ń mú tà. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ igbó ìjọba.

Odídẹrẹ́ gan-an ni ohun tí mo fẹ́ lọ wò. Ìyá àgbà mi ní ọ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé kan lẹ́bàá Ìwó, ìlú tí gbogbo Yorùbá so mọ́ ẹyẹ yìí. Inú àkámọ́ ló wà. Ó máa ń kí àwọn àlejò, ó sì máa ń fi ohùn ìyá àgbà pe orúkọ mi títí n ó fi sáré jáde láìnídìí. Ìkóódẹ ìdí rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe orò máa ń wá tọrọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, n kò rí odídẹrẹ́ kan rí tó ń fò lókè láìsí ẹni tó dè é. Ní Gánà, àwọn olùwádìí rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iye odídẹrẹ́ ti dínkù ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí mímú tà àti pípa igbó run. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé péjọ ní Johannesburg, wọ́n sì fòfin de títa èyí tí a bá mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Príncipe, wọ́n ṣì pọ̀. Wọ́n máa ń fò kọjá lórí ilé àwọn ènìyàn, wọ́n á sì máa pariwo bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú Ìyá Ìbejì. Ó fi etí sílẹ̀, kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ṣé ẹyẹ ni ẹ wí, àbí ẹyin?"

Mo ní ẹyẹ ni.

"Pẹ̀lú òwìwí? Ẹyẹ tí àwọn ará ilé wa máa ń sọ lókò, òun ni ẹ fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú tọ̀ lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Owó tí mo ń wò lójú, owó tí àwa méjèèjì jọ dá sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ògiri ọgbà wa ni a ní lọ́kàn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá a, nítorí pé omi òjò ti wó apá kan rẹ̀. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, ohunkóhun tí a bá fi dọ́là ra ti di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe owó nìkan sì ni ó ń ro.

Ó rán mi létí ọjọ́ tí ìgbéyàwó wa pé ọdún 25. Èmi ni mo ní kí a lọ sí Lekki Conservation Centre, ibi tí Àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Ìyá Ìbejì wọ aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tí a dé ìdí afárá gíga tó gba orí igi kọjá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ó ní orúnkún òun kò lè gbà á. Mo ní kí ó jókòó dè mí, pé n kò ní pẹ́. Ẹyẹ kan ló kọ́kọ́ dá mi dúró, òmíràn tún tẹ̀lé e. Nígbà tí mo padà, wákàtí mẹ́ta ti kọjá. Kò bínú lójú mi. Ó kàn ní ebi ń pa òun. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tó sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló bi òun léèrè bóyá ẹni tí òun ń dúró dè ti já òun sílẹ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní, "Ẹ mọ orúkọ ẹyẹ tó lé ní igba. Ọdún 11 ni obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

N kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn ni ó yí èrò mi padà. Mo ti ń rò pé ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n rí ọ̀rọ̀ dídùn tí n ó fi fa ojú ìyàwó mi mọ́ra kí ó lè bá mi lọ. Ó hàn sí mi pé gbogbo ohun tí mo fi ọgbọ́n ọdún 33 kọ́ láti máa wò, n kò wo ibi tí ó wà rí. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo tún lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo mọ orúkọ obìnrin náà báyìí. Mo sì gbọ́ ohun kan tí n kò gbọ́ rí látẹnu ìyàwó mi: pé bàbá rẹ̀ ní Ìdànrè ta oko kòkó rẹ̀ tó dára jù lọ kí òun lè rí owó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, àti pé láti ìgbà náà, òun kò tíì wọ oko kòkó mọ́.

Kòkó ni ọ̀nà tí n kò retí. Mo padà sídìí ìtàn àwọn erékùṣù yẹn, mo sì wá ohun tí ó lè jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ní 1822 ni a gbọ́ pé kòkó ti ilẹ̀ Brazil dé Príncipe. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, São Tomé ti wà lára àwọn tó ń kó kòkó wá sọ́jà àgbáyé jù lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àfipáṣe ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ará Pọ́túgà ń kó ènìyàn láti Àǹgólà wá sí oko, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà sílé mọ́. Ariwo ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé ní 1909, ilé-iṣẹ́ Cadbury ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn kò ra kòkó São Tomé mọ́. Àwọn ilé oko ńláńlá tí wọ́n ń pè ní roça ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú ilé ìwòsàn àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí igbó ti ń bò. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Keje 1975 ni wọ́n gba òmìnira.

Ìtàn náà sì kan ilé wa gan-an. Ní nǹkan bí 1880, J.P.L. Davies, oníṣòwò Èkó, ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní ẹkùn Àgége, èyí tí kò jìnnà sí Àgbàdo. Láti Fernando Po, erékùṣù mìíràn nínú òkun kan náà, ni a sọ pé irúgbìn rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn alágbàṣe tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọn láti ìlú òkè, títí kan àwọn ará Oǹdó àti Èkìtì, kó irúgbìn àti ìmọ̀ padà sílé. Nígbà tí mo sọ èyí fún Ìyá Ìbejì, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ń wí pé ó ṣeé ṣe kí kòkó bàbá mi ti ìhín yìí lọ?" Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èmi yóò fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti jìyà lórí rẹ̀."

Síbẹ̀, ó ní òun kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu san owó ọkọ̀ òfuurufú. Kí a kọ́kọ́ dán an wò nítòsí. A wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, a sọ̀ ní Mọ́níyà, a sì lọ sùn ọjọ́ méjì ní ilé àlejò IITA. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó hẹ́kítà 1,000, igbó tí wọ́n dá sí nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 350. Ẹbí ẹ̀ga kan wà tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, Malimbus ibadanensis, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Òun ni mo fẹ́ rí.

Àdéhùn wa ni pé láti ìdájí dé aago mẹ́wàá jẹ́ ti ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, n ó gbé awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn sínú àpótí. Ní ọjọ́ kìíní, n kò rí ẹyẹ náà. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ ohùn kan nínú igbó tí ó mú àyà mi já. Mo wo aago, mo wo igbó, mo sì padà. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé àlejò ni mo ti bá Ìyá Ìbejì tó ń wo àwọn ẹ̀ga lásán tí wọ́n ń kọ́ ìtẹ́. Ó ti jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Ó ní akọ kan ń hun ìtẹ́ bí ẹni ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ẹnu so kókó, ó sì ń fà á le. Abo wá, ó wọ inú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé bí ẹ̀ga ti ń ṣe nìyẹn: bí abo kò bá gba ìtẹ́ náà, akọ lè tú u palẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹyẹ náà mọ̀ pé ìyàwó ló ń yẹ ilé wò. Ẹ̀yin ni ẹ kò tètè mọ̀."

Nígbà tí a padà délé, a jókòó ti ìwé àti gègé. A fi ìdajì owó náà tún ògiri ọgbà ṣe. Ìyẹn ti parí. Ìdajì yòókù ni a ń fi kún lóṣooṣù, a sì fi Oṣù Keje ọdún tó ń bọ̀ sí ojúsùn, nítorí òjò máa ń dínkù níbẹ̀ láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀nà Accra ni a ó gbà. São Tomé kò sí nínú ECOWAS, nítorí náà ọ̀rọ̀ físà wà lára ohun tí a ó kọ́kọ́ parí, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọjọ́ mẹ́rin fún São Tomé, ọjọ́ mẹ́ta fún Príncipe. Ọjọ́ méjì nínú wọn jẹ́ ti kòkó pátápátá, n kò sì gbọ́dọ̀ mú awò mi dání. Àwọn ẹyẹ tó jẹ́ pé inú igbó ẹlẹ́rẹ̀ lápá gúúsù São Tomé ni a ti ń rí wọn, níbi tí a ó ti sun inú àgọ́, mo ti yọ wọ́n kúrò nínú ìwé mi. Orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e, n kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ sídìí afárá kankan mọ́. Ní ti òwìwí, ó ní kí n lọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kí n má sọ ìtàn rẹ̀ fún òun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Odídẹrẹ́ nìkan ni a kò ṣe àríyànjiyàn lé lórí. A ó jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní Príncipe, a ó sì máa retí wọn.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé náírà yóò tún já wa kulẹ̀, kí ìrìn-àjò náà má bọ́ sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó dúró di ọdún kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀yin tí ẹ ní ohun kan tí ọkàn yín fẹ́ tí kò wu ẹnìkejì yín, mo fẹ́ kí ẹ rántí pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Kí ẹ tó máa bẹ ẹnìkejì yín pé kí ó wá wo ohun tí ẹ ń wò, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó níbi tí òun wà, kí ẹ sì wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ohun tí ẹ kò mọ̀ pàdé níbẹ̀, bí èmi ti bá kòkó pàdé. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ bá nǹkan kan pàdé, ẹ ó kéré tán mọ orúkọ obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì.